Àpáàdì Iná Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wá

Ẹ wo àpáàdì tó wà nílẹ̀ níwájú mi yìí. Ẹyin iná ló wà nínú rẹ̀, mo sì ti bu eérú bò ó kó má bàa kú kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Ilé tí mo fẹ́ gbé e lọ kò jìnnà rárá; bí mo bá wúkọ́ níbí, ẹni tó wà níbẹ̀ á gbọ́. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ti tẹ ẹnu ọ̀nà náà gbẹ̀yìn. Ilé Ẹfúntọ́lá ni, ọ̀rẹ́ tí a jọ ṣe kékeré ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a jọ ṣe ọmọge, tí àwa méjèèjì sì wá ṣe ìyàwó sí Àgọ́-Ìwòyè yìí, ní àdúgbò kan náà. Ara rẹ̀ kò yá. Òjò àná ya wọ ibi ìdáná rẹ̀, iná rẹ̀ sì ti kú, nítorí láti òwúrọ̀ n kò rí èéfín kan lórí òrùlé rẹ̀. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló rí i bí mo ṣe rí i. Kò sí ẹni tó yà síbẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn á ní nítorí tèmi ni. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe sí mi nígbà kan kò dùn mí mọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe lórúkọ mi báyìí ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ má rò pé ẹkún ni mo fẹ́ wá sun fún yín o. Èmi kọ́ ni obìnrin tí ń da omi lójú kí ènìyàn lè ṣàánú rẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi pàápàá, ariwo ni mo pa, n kò sunkún. Ohun kan ni mo mọ̀ nípa ọmọ ènìyàn, mo mọ̀ ọ́n dájú, kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi, ojú mi ló ṣe. Ẹ sún mọ́ mi lórí ẹní yìí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Epo ni iṣẹ́ tiwa ní àdúgbò wa. Àwọn ọkùnrin á gun ọ̀pẹ, wọn á bẹ́ ìdì ẹyìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ títí epo yóò fi wọ inú agbè, ọwọ́ obìnrin ló wà. A ó ṣa ẹyìn, a ó sè é, a ó gún un, a ó fi omi fọ epo rẹ̀ jáde, a ó tún un sè títí yóò fi mọ́ lóló. Obìnrin kan kò lè dá a ṣe. Nítorí náà, àáró ni a máa ń ṣe: lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ, títí yóò fi yí gbogbo ẹgbẹ́ ká. Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń pín in fún wa. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ á ti dé oko kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé. Bí a ṣe ń pín iṣẹ́ náà ni a ń pín iná. Nígbà náà, ìṣáná òyìnbó kò tíì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, irin àti òkúta tí a fi ń ṣáná sì máa ń wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Bí iná obìnrin bá kú mọ́jú, àpáàdì ló máa mú lọ sí ilé aládùúgbò rẹ̀ láti lọ bù ú. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí a ó fi mọ ẹni tó sùn dáadáa àti ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ara wọn ṣe gbólóhùn asọ̀, nítorí ibi tí a ti ń bu iná ni a ti ń bu ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ jẹ ẹnì kan níyà, a kì í nà án, a kì í sì í bú u. Iná ni a ó fi dù ú. Ẹnikẹ́ni kò ní fún un níná, ẹnikẹ́ni kò ní gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, a kò ní bá a ṣe àáró, a kò sì ní kí i. Ẹni tó bá fún un níná, ìyà kan náà ló máa bá a jẹ.

Kò pẹ́ sí ìgbà tí òyìnbó jagun wọ ìlú Ìjẹ̀bú ni ọ̀rọ̀ tèmi ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé kí ogun yẹn tó dé, àlejò kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ wa kọjá? Ọjà ẹnubodè ni gbogbo wọn máa ń dúró sí. Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà là, àwọn ará òkè, àwọn tó ń ti ìlú òkè lẹ́yìn Mamu bọ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojúde wa kọjá lọ sí etí omi, tẹrù tẹrù, lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ń bà wá. Ohun tí a kò sọ nípa wọn kò sí. A ní olè ni wọ́n, a ní wọ́n ń fi oògùn sínú omi, a ní àìsàn ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń rù káàkiri. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bi wá pé ta ni nínú wa ni ará òkè ti jà lólè rí, a ó máa wo ojú ara wa ni. Ẹnì kan ṣoṣo kò rí i rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n! Ìyá Ẹgbẹ́ pè wá jọ, ó ní bí a ti wù kí á se ebòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́, nítorí náà obìnrin ẹgbẹ́ wa kankan kò gbọdọ̀ gba ará òkè sílé. Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n ní? Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi sọ ọ́, ẹni tó wà lápá òsì mi sọ ọ́, ẹnu mi sì là láàárín wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, ọkọ mi ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé epo lọ sí ìlú olómi, lápá Abigi, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Mo lọ ṣa ẹyìn lójú ọ̀nà Mamu, mo sì gbọ́ tí ènìyàn kan ń kérora nínú igbó. Obìnrin ni, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, ó di igi kan mú bí ẹni pé igi náà ló fẹ́ bá a bímọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń rìn ti lọ fi í sílẹ̀, torí wọ́n gbọ́ pé àwọn ará ìlú iwájú kì í gba àlejò. Àwa ni ará ìlú iwájú yẹn o. Ó ní Àbẹ̀ní ni orúkọ òun, ọkọ òun ń ru ẹrù fún àwọn oníṣòwò ní etí omi, òun sì ń wá a lọ. N kò rántí òfin ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀. Bí mo bá ní mo rántí rẹ̀ tí mo sì fi ìgboyà tàpá sí i, irọ́ ni mo ń pa fún yín. Ohun tí mo rí ni obìnrin tó ń rọbí, mo sì gbé e léjìká. Iyàrá mi ló bí ọmọ náà sí, ọkùnrin ni, a sì pè é ní Abíọ́nà, nítorí ojú ọ̀nà ni ìrọbí ti mú ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo di ìwọ́ ọmọ náà tán ni mo tó rántí pé mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Ẹgbẹ́ kò jẹ́ kó tutù. Ó dúró níwájú ilé mi, gbogbo wọn sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ti fẹnu kò, ará òkè náà gbọ́dọ̀ kúrò kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé. Mo dá a lóhùn pé, "Ọmọ tuntun kò mọ̀nà, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kọ́ ìrìn." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wo ojú Ẹfúntọ́lá láàárín wọn. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá Ẹgbẹ́ ní kò burú, láti òní lọ, iná mi di tèmi nìkan. Bí wọ́n ṣe yí padà lọ nìyẹn, àwọn tí mo ti bá gbẹ̀bí, àwọn tí mo ti bá gún ẹyìn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ọ̀nà odò gba iwájú ilé mi kọjá, n kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí n jókòó sí ẹnu ọ̀nà máa wò wọ́n, níwọ̀n ìgbà tí ẹyìn mi ti ń jẹrà nílẹ̀ láìsí ẹni tó máa bá mi gún un. Bí obìnrin méjì bá jọ ń bọ̀, ọrùn wọn á le, wọn á gbé ojú sókè bí ẹni ń wo ẹyẹ, òmíràn á tutọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí kan náà bá dá kọjá, á máa fa ẹsẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, ètè rẹ̀ á sì mì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kí ni láìfohùn. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe báyìí. Mo tún wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹyọ kan, ènìyàn ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti di méjì, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé, àbí ara wọn gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù, tí kì í ṣe èmi, tí kì í sì í ṣe Àbẹ̀ní?

Ẹfúntọ́lá nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ jáde. Bí a bá pàdé lódò tí kò sí ẹnì kankan nítòsí, á di ọwọ́ mi mú, omijé á sì dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé mi ró. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo sì ń ro bóyá kí n sọ fún Àbẹ̀ní pé kó máa lọ, màá rántí Ẹfúntọ́lá, màá sì sọ pé ẹni tó ní ẹnì kan kò dá wà.

Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá dé. Òrùlé ibi ìdáná mi ń jò, kò sì sí ọkùnrin tó máa bá mi tún un ṣe. Iná mi kú. Ọkọ mi ti gbé irin ìṣáná lọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí ọmọ tuntun jẹ́ lásìkò òtútù. Omi gbígbóná ni ẹ̀mí rẹ̀. Abíọ́nà di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ètè rẹ̀ sì ṣú. Èmi àti ìyá rẹ̀ fi í sáàárín, a fi ara wa ṣe iná fún un. Àbẹ̀ní ní kí n jẹ́ kí òun gbé ọmọ òun lọ, kí wọ́n lè fún mi níná, ó ní òun kò fẹ́ kí ilé mi tú nítorí òun. Mo ní kó dákẹ́. Bí mo bá gbà kó lọ nínú òjò yẹn, ọmọ náà kò ní dé ìlú kejì láàyè, èmi ni màá sì máa gbé ẹ̀bi rẹ̀ lọ́kàn títí. Ní àfẹ̀mọ́jú, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láti lọ da omi nù, mo sì rí i. Àpáàdì kan, ẹyin iná sì wà nínú rẹ̀, wọ́n ti bu eérú bò ó, wọ́n sì fi ewé kókò bo orí rẹ̀ nítorí òjò. N kò rí ẹni tó gbé e wá. N kò pè, n kò bèèrè. Mo gbé e wọlé, mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì fẹ́ ẹ títí ojú mi fi ń ṣomi. Ọmọ náà wẹ omi gbígbóná láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo sọ fún Àbẹ̀ní pé, "Ẹfúntọ́lá ni." Ta tún ni ì bá jẹ́? Àpáàdì náà dára, ọrùn ìkòkò ńlá kan ni, wọ́n fín ìlà yí i ká. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́ ibi tí mo ti ń sùn, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Iná tún kú, àpáàdì mìíràn tún dé. Ìyẹn nípọn, ó sì dúdú. Òmíràn dé, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni. Wọn kò padà wá mú wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ẹnikẹ́ni má rí wọn, nítorí náà àwọn àpáàdì ń pọ̀ lẹ́yìn àmù mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì. Ìkòkò mélòó ni Ẹfúntọ́lá lè fọ́ tán nítorí mi?

Mo bá lọ lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan. Opó kan tí ilé rẹ̀ wà ní ìkángun ló yọ sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ́ rìn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da iná sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Gbogbo wọn ló ń bínú sí ọ. Èmi nìkan ni àánú rẹ ń ṣe." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jẹ́ kó lọ. Nígbà mìíràn, ìyàwó àgbà ilé kejì ni mo mú. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ sétí. Èmi nìkan ni." Ẹ̀kẹta náà sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ kọ́ ọ. Èmi nìkan ni! Mo wọlé, mo jókòó, mo sì rẹ́rìn-ín títí Àbẹ̀ní fi rò pé ìyà ti yí mi lórí. Odindi àdúgbò ń ṣàánú mi, olúkúlùkù wọn sì gbà pé òun nìkan ló ń dá ṣẹ̀. Ta wá ni a ń pè ní "gbogbo wọn"? Gbogbo wọn dà? Mo wá wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí.

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ pé. Ìta Ìyá Ẹgbẹ́ ni a máa ń jókòó sí láàárọ̀. Mo kó gbogbo àpáàdì náà sínú agbọ̀n, mo gbé e rù, mo pọn Abíọ́nà, mo sì la àárín wọn kọjá. Ẹnikẹ́ni kò kí mi. Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀, mo to àwọn àpáàdì náà sórí ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn, mo sì ní, "N kò wá bẹ̀bẹ̀. Ohun olóhun ni mo wá dá padà. Kí olúkúlùkù mú tirẹ̀." N kò dárúkọ ẹnì kankan. Bí mo bá dárúkọ wọn, ìjà ló máa dà, mo sì mọ̀ pé obìnrin tí a bá tú àṣírí rẹ̀ á kọ́kọ́ sẹ́ ni. Mo kàn káwọ́ sẹ́yìn, mò ń jó ọmọ náà lẹ́yìn mi.

Mo ń wo ojú wọn bó ṣe ń lọ láti orí àpáàdì kan dé orí òmíràn, olúkúlùkù ń rí tirẹ̀, ó sì ń rí i pé tirẹ̀ kò dá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ẹgbẹ́ dìde. Mo mú ara le, mo rò pé yóò fi ẹsẹ̀ tú wọn ká. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíga rẹ̀ yẹn, ó sì mú èyí tí ọrùn rẹ̀ ní ìlà fínfín, èyí tó kọ́kọ́ dé, èyí tí mo gbé kọ́ ibi tí mo ti ń sùn. Ó gbá a mọ́ àyà. Ó ní, "Ìkòkò ìyá mi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi fọ́ ọ, nítorí n kò rí àpáàdì mìíràn tó fẹ̀ tó." Ẹni tó fi iná dù mí ló kọ́kọ́ fún mi níná! Opó yẹn dìde, ó mú tirẹ̀. Ìyàwó àgbà dìde. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń mú wọn, ẹ̀rín tó sún mọ́ ẹkún. Kódà obìnrin méjì di àpáàdì kan mú, olúkúlùkù ní tòun ni! Ìyá Ẹgbẹ́ wo gbogbo wa, ó ní, "Ta wá ni nínú wa tó ń bá obìnrin yìí jà?" Kò sí ẹnì kankan.

Ilẹ̀ ti ṣófo. Mo wo Ẹfúntọ́lá. Ó jókòó síbi tó wà láti àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, kò mú nǹkan kan.

Wọ́n bá mi gún ẹyìn lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì tún òrùlé mi ṣe. Nígbà tí ọkọ mi dé, tó tún ń padà lọ sí Abigi, ó mú Àbẹ̀ní àti ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n sì rí ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ru ẹrù. Abíọ́nà ti ń sáré báyìí. Bí wọ́n bá ń kọjá lọ sókè, ilé mi ni wọ́n ń sùn, ilé Ìyá Ẹgbẹ́ sì ni ọmọ náà ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ títí ikùn rẹ̀ á fi le. Ìyẹn parí sí rere. Èyí tí kò parí ni ti Ẹfúntọ́lá. Mo lọ bá a nílé lọ́jọ́ ìpàdé náà gan-an, inú ń bí mi débi pé n kò kí i. Mo ní, "Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Gbogbo omijé yẹn, o kò rí ẹyin iná kan fi tẹ̀ lé e?" Kò jiyàn. Ó ní, "Ìwọ ní ilé bàbá tí o lè sá lọ. Èmi ńkọ́?" Mo yí padà, n kò sì tún dé ibẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àpáàdì ti di ohun ìyangàn. Obìnrin kan fi tirẹ̀ kọ́ ara ògiri. Àwọn tí wọn kò mú nǹkan kan lójú mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé tàwọn ti fọ́ sọ́nà. Gbogbo ènìyàn ló fún mi níná, bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò parọ́ ni Ẹfúntọ́lá, òun náà ni wọ́n sì wá ń nàka sí. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé lé e lórí, kò sí ẹni tó ṣòfin, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í ya ilé rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá di méjì tí wọ́n ń kọjá níbẹ̀, ọrùn wọn á le. Mo mọ ọrùn yẹn! Mo sì dákẹ́, torí ó ń dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn. Ìyá Ẹfúntọ́lá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ogun ló kó o wá láti òkè, bàbá Ẹfúntọ́lá sì fi í ṣaya, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé bàbá náà kò ka ọmọ tó bí sí tiwọn. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a kì í sọ ọ́ ni. Nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ ń sọ̀rọ̀ ebòlò, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ mi ni Ẹfúntọ́lá jókòó sí. Bí wọ́n bá lè fi iná du èmi tí mo jẹ́ ọmọ onílé nítorí ará òkè kan, kí ni wọ́n máa ṣe fún ọmọ ará òkè? Ìyá Ẹgbẹ́ gbé iná wá, ìkòkò kan ló pàdánù. Ká ní Ẹfúntọ́lá gbé e wá, gbogbo ilé rẹ̀ ni ì bá lọ sí i. Ẹ̀rù tiwọn, ẹ̀rù òfìfo ni. Tirẹ̀ nìkan ló ní ìdí. Èmi tí mo mọ ènìyàn tó báyìí, n kò mọ ẹni tí a jọ dàgbà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé gbogbo wa ti fẹnu kò, ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ ó rí i pé gbogbo wa yẹn kò sí nílé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì ní ẹyin iná láti fún ènìyàn, ẹ má gba ẹ̀yìnkùlé. Àánú tó ń yọ́ rìn kò yàtọ̀ sí ìkà lójú ẹni tí kò rí i. Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ojúde ló yẹ kí a ti gbé e.

Mo ti lè dìde báyìí. Àwọn obìnrin ti ń ti odò bọ̀, mò ń gbọ́ ohùn wọn, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àárín wọn gan-an ni mo fẹ́ là kọjá, màá sì kí ẹni tí mo bá pàdé, kí wọ́n lè rí ibi tí mo ń lọ dáadáa. Iwájú ilé rẹ̀ ni màá gbà wọlé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá, nítorí ẹnu mi tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì ti wá a tì lónìí: kí ni kí n sọ bí mo bá kan ilẹ̀kùn? Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n jẹ́ kó bẹ̀ mí? Ẹ rò ó kíá, ẹyin iná kì í dúró de ẹni. Bí ẹ kò bá sì rí i, màá kàn sọ fún un pé òtútù ń mú, mo mú iná wá.